Bí Mo Ṣe Wá Ọmọ Inú Àwòrán Lọ sí Igbó Ìyeyè

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nínú yín, kí ó dìde kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí máa ń rí ènìyàn lára, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni gbá èébì kúrò ní ìta mi. Èmi ni Ọdẹ́sínà, ọdẹ Òkè-Akòko. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ó dí ọ̀nà oko mọ́ gbogbo ìlú fún odidi oṣù mẹ́ta. Mo ti fi ọwọ́ lásán fa ẹkùn ní ìrù, ẹkùn náà ni ó sì kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, bàbá rẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí igi ni ó sá gùn. Ẹ̀rù kì í bà mí. Ṣùgbọ́n ìríra, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìríra yàtọ̀ sí ẹ̀rù. Bí mo bá ti pa ohun tí ń bani lẹ́rù, ó tán. Ìríra ní tirẹ̀ bá mi wọlé, ó bá mi jókòó ti oúnjẹ. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti dé láti Igbó Ìyeyè, n kò tíì lè fi ilá kan ẹnu láti ìgbà náà.

Ara àwòrán ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ Àgùdà ìlú wa fẹ́ àwòrán Màríà àti Ọmọ rẹ̀ tí wọn yóò gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, Fádà sì gbé iṣẹ́ náà fún Áńbúróòsì ayàwòrán. Áńbúróòsì yìí mọ iṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá ya àgbàdo, adìyẹ yóò fẹ́ ṣá a jẹ. Ó ní òun kò fẹ́ ya òyìnbó, obìnrin ìlú wa ni òun fẹ́ yà. Ni ó bá wá bẹ Yéwándé ọmọ mi pé kí ó wá jókòó fún òun pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Fọlárìn. Fọlárìn nìkan ni ọmọ tí ó yè fún Yéwándé. Méjì ti kú ṣáájú rẹ̀. Yéwándé gbà, ó jókòó lórí àpótí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí ọmọ bá ti sunkún, á dìde, á pọ̀n ọ́n, á rìn káàkiri yàrá títí yóò fi dákẹ́, á sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí itan.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán náà, gbogbo ìjọ ń kọrin, èmi ń wá ibi tí n ó tutọ́ sí. Obìnrin inú rẹ̀ jọ ọmọ mi gan-an, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ọmọ, Áńbúróòsì pa Fọlárìn tì, ó lọ ṣí ìwé àwòrán àtijọ́ tí Fádà yá a, ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó sì yà. Ṣé ẹ ti rí àwọn àwòrán àtijọ́ yẹn rí? Ọmọ ọwọ́ tí iwájú orí rẹ̀ ga bí ti adájọ́, tí irun rẹ̀ ti ń pá, tí ó pa ẹnu dé bí ẹni tí ń dá ẹjọ́ ilẹ̀! Ó gbé ìka méjì sókè, ó ń bá àgbà wí. Àwo góòlù ràbàtà wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ọmú kan ṣoṣo ni ó hàn ní àyà ìyá rẹ̀, abẹ́ ọrùn ni ìyẹn sì hù sí bí gẹ̀gẹ̀. Ọmọ náà jókòó sí eteetí orúnkún, kò sí ọ̀já, kò sí aṣọ kankan tí ó dè é mọ́ ìyá rẹ̀ lára, ìyá náà sì gbé ojú kúrò lára ọmọ, ó ń wo ẹni tí ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo fa Áńbúróòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Áńbúróòsì, kí ni èyí?"

"Bàbá Ọdẹ, Olúwa kì í ṣe ọmọ lásán. Ó ti gbọ́n láti inú oyún. Bí wọ́n ṣe ń yà á láti ayébáyé nìyẹn."

"Ó gbọ́n, mo gbọ́. Ṣé ọgbọ́n ni kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fi ọ̀já dè é? Bí ó bá já bọ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Inú àwòrán ni ó wà, Bàbá. Níbo ni yóò já bọ́ sí?"

Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí obìnrin tí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi figbe ta ní ìyálẹ̀ta. Gbogbo wa sáré débẹ̀. Obìnrin inú àwòrán ṣì jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà bí wọ́n ṣe yà á, ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan kan. Ọmọ ti lọ! Orí itan níbi tí ó jókòó sí tutù rinrin. Itọ́ tí ó ki ń ṣàn wálẹ̀ láti ara àwòrán dé ara ògiri, láti ara ògiri dé ojú fèrèsé, ó gba ibẹ̀ jáde, ó sì forí lé ọ̀nà Igbó Ìyeyè. Òórùn rẹ̀ dà bí ti omi tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí tí wọ́n gbàgbé. Fádà fi aṣọ bo imú. Bí a ti ń wo èyí ni wọ́n wá pè mí láti ilé Yéwándé pé Fọlárìn kọ ọmú.

Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ ọmú. Lọ́jọ́ kejì, kò sunkún mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ó ń wo òkè àjà láìṣẹ́jú, ó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí a bọ́ sílẹ̀. A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n yẹ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí ń ṣe é. Yéwándé kò ké. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi wá ọmọ inú àwòrán yẹn rí. Ọjọ́ tí ó lọ ni tèmi bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Mo ti fún ilẹ̀ ní méjì. N kò ní ẹ̀kẹta tí n ó fún un." Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo gbé ìbọn, mo mú àdá, mo tọ ipa itọ́ lọ.

N kò ní sọ bí mo ṣe rìn tàbí ohun tí mo jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń rin igbó, ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ó lọ rìn ín. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo dé ibi tí ipa itọ́ náà ti fẹ̀ bí odò kékeré, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ẹni tí ń dà á sílẹ̀. Onítọ́ ni orúkọ rẹ̀. Iwin ni. Ó ga, kò ní irun, kò ní èékánná, awọ ara rẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò nínú ìkarahun. Ahọ́n rẹ̀ gùn ju apá rẹ̀ lọ. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ewé gbígbẹ, ìyẹ́ ẹyẹ àti ìgbẹ́ ẹtu sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kí n tó la ẹnu, ó fi ahọ́n náà kí mi, láti àgbọ̀n dé iwájú orí! Ẹ̀yin ará, mo ti jìn sí kòtò tí òkú ìmàdò ti jẹrà sí rí, kòtò yẹn sàn. Mo bì débi pé omi jáde ní imú mi.

"Bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa nìyí," ni ó wí, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé èébì ni ẹ̀yin fi ń dáhùn?"

"Tún mi kí, kí o rí i bóyá ìbọn kọ́ ni n ó fi dáhùn. Ọmọ ni mo wá gbà."

"Ọmọ wo? Ọmọ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí láìdáhùn ìbéèrè mi méjì. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó lá ẹran kúrò lára egungun rẹ. N kò ní eyín, nítorí náà yóò pẹ́ díẹ̀."

"Bi mí kíá, òórùn rẹ ti ń pa mí."

"Kí ni ó ní ẹnu, tí ọmú wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí kò mu ún rí?"

"Ọmọ inú àwòrán."

Ahọ́n rẹ̀ mì. "Ta ni ó gbé ọmọ lọ́wọ́ fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí apá kò ro ó?"

"Ìyá inú àwòrán. Ọdẹ ni o ń bi ní irú ìbéèrè yìí? Ó yá, èmi náà fẹ́ bi ọ́ ní ẹyọ kan. Ta ni ó bí ọ?"

 Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí ń wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́kún, ikun imú rẹ̀ sì ń dà ju omijé lọ. "Ara igi jíjẹrà ni a ti hù," ni ó wí, "gbogbo wa pátá, bí olú. Ẹnikẹ́ni kò gbé wa mọ́ra rí. Ìdí tí a fi ń lá àwọn àwòrán yín nìyẹn. Wọ́n ní wàrà wà níbẹ̀. Ọ̀dà nìkan ni a ń bá." Àánú rẹ̀ ì bá ṣe mí, bí kì í bá ṣe pé ó tẹ̀ síwájú, ó sì nu imú rẹ̀ sí èjìká mi. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kọjá.

Inú igi ìyeyè ńlá kan tí ó ti wó, tí inú rẹ̀ ti jẹrà di ihò, ni ilé wọn wà. Oòrùn wọ ibẹ̀ láti ara àwọn ibi tí igi ti lu, mo sì rí ohun gbogbo, ó wù mí kí n má rí i. Àwọn ọmọ inú àwòrán kún ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti jí wọn láti oríṣiríṣi ilé ìjọsìn. Gbogbo wọn ní iwájú orí adájọ́. Gbogbo wọn ní àwo góòlù lẹ́yìn orí. Ọ̀dà ara wọn ti ń bó nítorí bí wọ́n ṣe ń lá wọn, òmíràn kò ní imú mọ́, òmíràn kò ní ju ojú kan lọ, síbẹ̀ gbogbo wọn gbé ìka méjì sókè sí mi. Láàárín wọn ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláìbí jókòó sí, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lá wọn bí ajá ṣe ń lá ọmọ rẹ̀. Kò ní ojú. Ibi tí ojú yẹ kí ó wà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó funfun, ó ń yọ̀ bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ẹnu nìkan ni ó ní, ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n pátápátá.

"Ìwọ olè," ni mo wí, "gbé ọmọ wa fún mi."

"N kò jalè," ni ó dáhùn. "Àwọn tí wọn kò fẹ́ ni mò ń kó. Onítọ́ dúró lójú fèrèsé yín fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó ní obìnrin náà gbé ọmọ sí eteetí orúnkún, kò fi nǹkan dè é, kò sì bojú wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìwọ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ṣé o ò ní gbé e?"

Ẹ wò ó, inú bí mi! Ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún Áńbúróòsì ni iwin ẹlẹ́gbin yìí tún ń sọ fún mi. 

"Bí ó bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, mú un," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá mú ọmọ ẹlòmíràn, o di oúnjẹ Onítọ́."

Mo wò wọ́n yíká. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Áńbúróòsì ti ya ojú òyìnbó àtijọ́ sí i lórí bíi ti gbogbo àwọn yòókù. Mo wá ronú sí i pé bí kò bá sí nǹkan kan ti Fọlárìn nínú ọmọ inú àwòrán yẹn, Fọlárìn kì bá tí máa kú lọ nílé. Fọlárìn sì rèé, ẹ̀yìn ni ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ń sùn sí, níbẹ̀ ni ó ń jí sí. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo ní, "Ó yá, ọmọ mi, wá kí n pọ̀n ọ́." Ẹ rẹ́rìn-ín bí ó bá wù yín. Ọdẹ tí ó fa ẹkùn ní ìrù ń bẹ ọmọ kí ó wá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

 Ọmọ orí itan kò mọ ohun tí ẹ̀yìn wà fún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ kékeré méjì, tútù, dì mọ́ mi léjìká. Ẹsẹ̀ méjì ya sí ìhà mi, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn mi, ó mí kanlẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo tú ọ̀já ikùn mi, mo fi pọ̀n ọ́n gírígírí.

"O mọ̀ ọ́n lóòótọ́," ni Ìyá Aláìbí wí. "Ṣùgbọ́n má fi ọwọ́ òfo kúrò lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wò mí, wọn kò rí nǹkan kan. Fún mi ní ojú ìyá."

"Ojú ìyá wo?"

"Ìyá tìrẹ. Ojú rẹ̀ wà nínú orí rẹ. N ó lá a jáde, kò ní dùn ọ́. Ìwọ kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, n ó sì máa lò ó. Kí ọmọ sì máa bá ọ lọ."

Ẹ wá gbọ́ bí èmi ọlọ́gbọ́n ṣe rò ó. Mo ní ìyá mi ti kú láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A ti sin ín, a ti ṣe òkú rẹ̀ tán. Kí ni mo tún fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe? Ọmọ alààyè ni mo fẹ́ gbà. Inú mi dùn pé mo rẹ́ iwin jẹ. Mo tilẹ̀ tún fi ọ̀kan lé e: mo ní kí ó ṣèlérí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ní yọjú sí ìlú wa mọ́ láéláé. Kíá ni ó gbà, ara kò sì fu mí.

Ó fa orí mi mọ́ra, ó lá ìpéǹpéjú mi ọ̀tún, ó lá ti òsì. Ahọ́n náà gbóná, ó ń fà mí bí eṣúṣú. Mò ń gbọ́ bí ó ti ń gbé nǹkan mì, gbì, gbì, ní ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tí mo la ojú, ojú obìnrin kan ti wà níbi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ní èjí. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ọmọ náà, àwọn tí wọ́n rí i sì sọ ìka wọn kalẹ̀. Mo wò ó bí mo ṣe ń wo ẹnikẹ́ni lọ́jà. Mo gbé ìbọn mi, mo yíjú padà.

Àwọn ọmọ tí wọ́n wà lẹ́yìn kò rí ojú tuntun yẹn. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti rí bí ẹnìkejì wọn ṣe gun ẹ̀yìn, wọ́n sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Ni wọ́n bá bò mí! Wọ́n gun ẹsẹ̀ mi, wọ́n gun itan mi, ara wọn tutù, itọ́ bò wọ́n, àwo góòlù wọn ń ha mí lára. Mo sá jáde. Onítọ́ na ahọ́n dí ọ̀nà, mo fi àdá gé e, ìdajì rẹ̀ ń jà nílẹ̀ bí ejò. Mò ń sáré, mò ń gbọn àwọn ọmọ náà dànù bí ẹni tí ìjàlọ bò lẹ́sẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn di etí mi mú. Mo já a, mo sọ ọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ ò bá ṣe? Ara mi ń rí mi lára títí di òní nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kẹrin ni mo dé ìlú. Mo gba ọ̀dọ̀ Fádà àti Áńbúróòsì kọjá, mo lọ dúró níwájú àwòrán, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo tú ọ̀já. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́. Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ náà ti wọlé, ṣùgbọ́n kò padà sórí itan. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó wà, wọ́n ti fi ọ̀já dè é, orí rẹ̀ nìkan ni ó yọ. Fádà di orí mú. "Bàbá Ọdẹ, ojú Olúwa dà? Ta ni yóò máa gbàdúrà sí ìpàkọ́?" Mo ní kí ó bi ayàwòrán rẹ̀. Áńbúróòsì ní tirẹ̀ kàn ń wo àwòrán náà.

Bí a ti dúró síbẹ̀ ni obìnrin kan sáré wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọmọ náà ń mu, ó ń gbé e mì, ó ń mu, wàrà ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà wó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. "Bàbá mi! Ó ń mu ún! Ẹ wò ó!"

Mo fà sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹ dìde, ìyá," ni mo wí. "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọmọ ta ni yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo rí èjí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí dáadáa, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. Fádà ni ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Bàbá Ọdẹ, Yéwándé nìyí."

Yéwándé! Ìyá mi kú nígbà tí oyún rẹ̀ wà nínú ìyàwó mi. Ọjọ́ tí a bí i, gbogbo ẹbí hó yèè, wọ́n ní ojú kan náà ni, wọ́n ní màmá ti wá wá mi. Èmi fúnra mi ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́ lórúkọ. Ọlọ́gbọ́n ọdẹ! Mo jókòó níwájú iwin, mò ń sọ pé ojú òkú kò wúlò, ojú náà sì wà nílé lára ọmọ mi, ó ń retí mi. Ohun ẹlẹ́gbin yẹn ń fi í rẹ́rìn-ín nínú igi jíjẹrà di òní olónìí, ó ń fi ẹnu ìyá mi lá àwọn ọmọ ọlọ́dà. Bí mo bá rò ó, mo máa ń fẹ́ họ awọ ara mi kúrò.

Fọlárìn yè, ó ti ń sáré kiri. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ wá fún mi láràárọ̀. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Bàbá mi, èmi Yéwándé ni." Mo mọ ohùn rẹ̀. Bí mo bá di ojú, ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti là á, obìnrin tí n kò mọ̀ rí ni ó dúró síbẹ̀, ẹnu mi kò sì gbà láti bá àlejò sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo máa ń ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣeun. Ẹ wọlé." Ọdún mẹ́fà. Ní àná, ó gbé àwo kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di orúnkún mi mú, ó ní, "Bàbá, ẹ bú mi. Ẹ pè mí ní aláìgbọ́n, ẹ lé mi jáde, ohun tí ẹ bá fẹ́. Kí ẹ ṣáà bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo wo ojú rẹ̀ títí. Mo la ẹnu.

"Ẹ má bínú," ni mo wí.